Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Lórí Fáìlì? Ìpète Ètò Ìwífún Ìjọba ní Berlin àti Hamburg, 1910 sí 2025

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n yọ àwọn kọ̀ǹpútà Kammergericht, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nínú ètò ẹjọ́ gbogboogbò ìlú Berlin, kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Emotet ti wọ inú wọn. Ilé ẹjọ́ náà kì í ṣe ọmọdé: àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ti wà láti ọdún 1468, ilé ńlá tí ó sì wà lónìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Kleistpark ní Schöneberg. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, tẹlifóònù, fáàsì àti bébà ni àwọn adájọ́ àti akọ̀wé ibẹ̀ fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ìròyìn ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ T-Systems ṣe jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020, ó hàn gbangba pé kì í ṣe ọgbọ́n àwọn olè nìkan ni ó fa ìparun náà. Wọn kò pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹjọ́ náà sí yàrá-yàrá. Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà kan wọlé ti wọ gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn àwọn olùwádìí ni pé kí wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni ìlú Berlin ti ṣe òfin kan, E-Government-Gesetz Berlin ti ọdún 2016, tí ó fẹ́ kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà máa lo kọ̀ǹpútà lábẹ́ ìlànà kan ṣoṣo, kí àjọ ìjọba tí ń jẹ́ ITDZ Berlin sì máa bójú tó o. Ìpète wà lórí ìwé. Àjọ tí yóò mú un ṣẹ wà pẹ̀lú. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ńlá ṣì ń dá tọ́jú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni tí ń dá oko àkùrọ̀ rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè títí olè fi dé.

Ètò ìwífún kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Òun ni àpapọ̀ ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ àti òfin tí àjọ kan fi ń mọ ohun tí ó mọ̀: ẹni tí ó ti san owó orí, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ fẹ́ parí, ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ìpète ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé kí àjọ náà pinnu lónìí ohun tí yóò nílò láti mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti ẹni tí yóò ní àṣẹ láti sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Àwọn ìwé ìkọ́ni lórí ìṣàkóso sábà máa ń dá owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ́bi nígbà tí irú ìpète bẹ́ẹ̀ bá forí ṣánpọ́n. Ìtàn Berlin àti Hamburg tọ́ka sí ibòmíràn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ti àṣẹ, ni ó ń wó ilé, ó sì ní gbòǹgbò ní Jámánì tí ó jìn ju ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Ìlú méjèèjì yẹ fún ìfiwéra nítorí pé irú kan náà ni wọ́n. Nínú ìpínlẹ̀ 16 tí ó para pọ̀ di Jámánì, mẹ́ta ni ó jẹ́ ìlú tí ó tún jẹ́ ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Berlin, Hamburg àti Bremen. Sẹ́nétì ni orúkọ ìjọba wọn.

Káàdì oníhò

Berlin ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Dehomag sílẹ̀ ní ọdún 1910, nígbà tí Willy Heidinger gba àṣẹ láti máa fi ẹ̀rọ tí Herman Hollerith ṣe ní Amẹ́ríkà ṣòwò ní Jámánì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan. Ihò tí wọ́n bá lu síbì kan lára káàdì náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀sìn, èdè. Ẹ̀rọ yóò ka ihò náà, yóò sì ṣa àwọn káàdì tí ó bára mu sọ́tọ̀ ju bí ọwọ́ ènìyàn ti lè ṣe é lọ.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1933, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí Hitler gba ìjọba, wọ́n ka gbogbo ènìyàn tí ó wà ní Jámánì. Dehomag ni ó gba iṣẹ́ káàdì ti Prussia, ìpínlẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, tí ènìyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 41. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó ní Berlin, wọ́n ń lu ihò sára káàdì lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ̀sìn wà lára àwọn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n tún ka ènìyàn ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1939, ìbéèrè náà ti kọjá ẹ̀sìn. Olúkúlùkù ní láti sọ bóyá àwọn òbí bàbá àti òbí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe lo àwọn àkọsílẹ̀ ìkànìyàn náà gan-an nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ síbi ikú. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ìjọba Násì mọ iye wọn àti ìlú tí wọ́n wà, ó sì mọ̀ ọ́n kíákíá.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn ìwé ìṣàkóso wọn ìkànìyàn 1933, àṣeyọrí ni. Ìpète kan, olówó kan, ẹ̀rọ kan, àṣẹ kan tí kò sí ẹni tí ó lè ta kò ó. Nítorí náà ni kò fi tọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nípa ìpínyà àwọn ètò ìwífún ní Jámánì òde òní bí ẹni pé àrùn ni látòkè délẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ọ̀kùn, á sá.

Ní Ìlà Oòrùn, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, wọ́n tún gbìyànjú ètò àṣepọ̀ kan. Láti ọdún 1970 ni olúkúlùkù ọmọ orílẹ̀-èdè GDR ti ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, PKZ, tí ó tẹ̀ lé e láti ìgbà ìbí títí dé ibojì. Àkọsílẹ̀ àpapọ̀ rẹ̀ wà ní Biesdorf, ní ìhà ìlà oòrùn Berlin, àwọn ọlọ́pàá inú, Stasi, sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, wọ́n pa nọ́ńbà náà tì, wọ́n sì tú àkọsílẹ̀ náà ká padà sí àwọn ìlú àti abúlé.

Ìwọ̀ Oòrùn náà ti dojú kọ ìbéèrè yìí ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Hesse ṣe òfin ààbò dátà ní 1970, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá kéde ìkànìyàn fún ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1983, ó tún fẹ́ fi ìdáhùn àwọn ènìyàn ṣàtúnṣe sí àkọsílẹ̀ àwọn olùgbé ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fárí gá. Lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Karlsruhe ni àwọn obìnrin agbẹjọ́rò méjì láti Hamburg, Gisela Wild àti Maja Stadler-Euler. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìkànìyàn náà ni ilé ẹjọ́ dá a dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìdájọ́ jáde: olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó mọ ohun kan nípa rẹ̀ àti ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n, ohun tí ìjọba bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn fún iṣẹ́ kan, kò gbọdọ̀ gbé e lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn láìsí òfin tí ó fàyè gbà á. Ó di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1987 kí wọ́n tó ka ènìyàn, lábẹ́ òfin tí wọ́n tún ṣe.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó láti pète ètò ìwífún fún ìjọba ní Jámánì kò lè da gbogbo àkọsílẹ̀ sínú igbá kan. Òótọ́ ni pé ọ̀gá ọ́fíìsì tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ a máa sá sábẹ́ ìdájọ́ yìí bí ẹni sá sábẹ́ igi nígbà òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó gbin igi náà, kì í sì í ṣe nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìn ín.

Èbúté àti ìjọba ní Hamburg

Àwọn ará Èkó mọ Hamburg tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé òwò O'Swald ti Hamburg ń kó owó ẹyọ láti ìlà oòrùn Áfíríkà wá sí etíkun wa, ilé òwò Gaiser sì ń ra epo pupa àti èkùrọ́ ní Èkó. Lẹ́tà tí ó bá ọkọ̀ ojú omi wá ni ètò ìwífún wọn: fún ìgbà pípẹ́, iye owó epo ní Hamburg kò lè dé Èkó kí ọkọ̀ tó dé. Ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ń rìn pọ̀.

Kọ̀nténà ni ó yí èyí padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1968, American Lancer, ọkọ̀ tí kọ̀nténà nìkan ni ẹrù rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Burchardkai ní Hamburg. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, ìwé ẹrù sì wá di ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo ènìyàn ní èbúté rí ìṣòro náà. Ohun tí ó le ni pé àwọn tí ó yẹ kí ó pín ìwífún pẹ̀lú ara wọn jẹ́ oníṣòwò tí ń bá ara wọn du oníbàárà. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹnìkejì rí ìwé ẹrù rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n dá DAKOSY sílẹ̀ ní 1982 láti máa gbé ìwífún èbúté kiri lórí kọ̀ǹpútà, ìdáhùn tí wọ́n rí sí ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ìpín ìdókòwò ni. Àwọn tí ń já ẹrù ní èbúté, àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tí ń bá oníbàárà fi ẹrù ránṣẹ́ ni ó jọ ni ín, tí ẹgbẹ́ kan kò fi lè dá pàṣẹ fún èyí tó kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò ní 1982 ti di ohun àgbàtọ́jú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjọ náà ṣì wà. Nínú gbogbo ètò tí ó jẹ yọ nínú ìtàn yìí, òun ni ó sún mọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ni ó ṣe é, kì í ṣe ìjọba.

Ìjọba Hamburg fúnra rẹ̀ ní àǹfààní kan tí Berlin kò ní. Ẹkùn méje ni ìlú náà pín sí, ṣùgbọ́n òfin fàyè gba Sẹ́nétì láti gba ọ̀ràn èyíkéyìí kúrò lọ́wọ́ ẹkùn, kí ó sì pinnu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí Sẹ́nétì bá ní irú fáìlì báyìí ni gbogbo wa yóò máa lò, ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí yóò parí sí. Ní 2004, Hamburg àti ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein tí ó bá a pààlà kó àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba wọn pọ̀ di Dataport, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Altenholz lẹ́bàá Kiel. Bremen, Mecklenburg-Vorpommern àti Sachsen-Anhalt dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìpínlẹ̀ kan gbà kí kọ̀ǹpútà tí fáìlì rẹ̀ wà máa gbé ní ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ohun tí ó mú un ṣeé ṣe ni pé olúkúlùkù wọn jẹ́ olóhun, kì í ṣe oníbàárà lásán, gẹ́gẹ́ bí ti èbúté.

Ìtàn ọlọ́pàá ni ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpète ńlá àti ohun tí ó ti ń ṣiṣẹ́ hàn jù lọ. Láti 1972 ni àwọn ọlọ́pàá gbogbo Jámánì ti ń lo INPOL, àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ń wá, tí ó wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ọlọ́pàá àpapọ̀ ní Wiesbaden. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n pète èyí tuntun, INPOL-neu. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ 16 ni ó ní ohùn nínú rẹ̀, olúkúlùkù sì gbé ẹrù tirẹ̀ lé e: ìpínlẹ̀ yìí ń fẹ́ kí ó rí báyìí, ìpínlẹ̀ yẹn ń fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó tó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tan án ní 2001, kò lè dìde. Wọ́n wá yí ojú sí POLAS, ètò tí àwọn ọlọ́pàá Hamburg àti ti Hesse ti ń lò lójoojúmọ́, wọ́n kọ́ INPOL-neu lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí kò rí irú orí ire bẹ́ẹ̀. FISCUS, ètò owó orí kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kan náà. Ìpínlẹ̀ Bavaria yọ ẹsẹ̀, wọ́n sì pa á tì ní 2005 lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù yúrò ti bá a lọ.

Kí a má ṣe sọ Hamburg di ìlú àwọn áńgẹ́lì. Nígbà tí ìlú náà ra sọ́fítíwíà ńlá kan láti fi ṣe JUS-IT, ètò fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ẹbí, owó rẹ̀ ga ju bí wọ́n ti pète lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ráhùn pé iwájú kọ̀ǹpútà ni àwọn ń lo àkókò tí ó yẹ kí àwọn lò nínú ilé àwọn ọmọ tí ó wà nínú ewu. Àṣẹ Sẹ́nétì dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n àṣẹ kò lè sọ fún ẹni tí ó ṣe sọ́fítíwíà náà bí òṣìṣẹ́ kan ṣe ń kan ilẹ̀kùn ilé olómọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò sí nídìí tábìlì ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹkùn méjìlá Berlin

Nígbà tí ògiri wó, ìlú méjì ni Berlin bá lọ́wọ́: ẹkùn 12 ní ìwọ̀ oòrùn, 11 ní ìlà oòrùn, òfin méjì, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2001, wọ́n so wọ́n pọ̀ di ẹkùn 12. Ènìyàn tí ó tó 300,000 ni ó wà nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan níwọ̀n àárín, èyí tí ó tó ìlú ńlá láàyè ara rẹ̀. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní baálẹ̀ ìlú tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò yàn, àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àti, fún ìgbà pípẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Neukölln lè ra ohun tí Pankow kò rà. Sẹ́nétì lè kọ ìlànà. Ẹkùn ni yóò pinnu ìgbà tí òun yóò tẹ̀ lé e.

Ìtumọ̀ èyí nínú ìpète hàn nínú ọ̀ràn kékeré kan. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2014, gbogbo ayé ti mọ ọjọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Berlin kò tíì múra. Ìlú náà sanwó fún Microsoft kí ó fún un láyè sí i. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ Windows 7 dé, ọjọ́ rẹ̀ sì pé ní oṣù kìíní ọdún 2020 kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà tó kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àìlówó ni ó fà á yẹ kí ó ronú lé owó àfikún tí wọ́n san. Ọ́fíìsì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye kọ̀ǹpútà tí ó wà ní gbogbo ìlú àti ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Kò sí ọ́fíìsì tí ó ní àṣẹ láti béèrè kí wọ́n sì dá a lóhùn.

ITDZ Berlin, tí wọ́n sọ di àjọ olómìnira ní 2005, wà ní àárín méjì. Wọ́n dá a sílẹ̀ láti ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ní dandan láti rà á. Òfin 2016 yí i padà: ó sọ ITDZ di dandan, ó fi akọ̀wé àgbà kan ṣe olórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ìlú, ó sì ní kí gbogbo fáìlì ìjọba di ti ẹ̀rọ nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ kìíní ọdún 2023. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá. Ọ̀pọ̀ fáìlì ṣì wà nínú páálí. Àṣìṣe inú òfin náà kò ṣòro láti rí. Ó fún ẹnì kan ní ojúṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó fi iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjìlá. Fáìlì kò ṣeé yà kúrò lára iṣẹ́. Bí ọ̀nà tí ẹkùn kan ń gbà fúnni níwèé ìkọ́lé bá yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀, fáìlì méjì ni yóò jẹ́, ẹ̀rọ kan ìbáà gbé e.

Àwọn ará ìlú kò mọ orúkọ òfin yìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni Bürgeramt, ọ́fíìsì ẹkùn tí àwọn ènìyàn máa ń lọ láti forúkọ ibùgbé sílẹ̀. Láìsí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, ó ṣòro láti ṣí àkáǹtì ní báńkì, a kò sì lè gba ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 2015, ó le tó bẹ́ẹ̀ láti rí àyè níbẹ̀ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyè náà fún owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ìpín-àyè ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò jókòó nídìí àyè náà ni kò tó, kò sì sí ètò ìwífún tí ó lè pín ohun tí kò sí.

Fáìlì àwọn àlejò

Ohun kan wà tí kì í sábà jẹ yọ nínú àwọn ìwé lórí ìpète ètò ìwífún, tí ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlú méjèèjì yìí tààrà. Gbogbo ìṣọ́ra tí ìdájọ́ 1983 mú wá dá lórí àkọsílẹ̀ tí ó fọ́n ká. Orúkọ ọmọ Jámánì wà ní ìwé ìlú tí ó ń gbé, kò sì sí ilé kan tí ìwé gbogbo wọn wà pọ̀. Àwọn àlejò kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1953 ni Ausländerzentralregister, àkọsílẹ̀ àpapọ̀ àwọn àjèjì, ti wà, Köln ni ó sì ti ń gbé. Ó wà fún ogójì ọdún ó lé kí wọ́n tó ṣe òfin tirẹ̀ ní 1994. Ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú ní Hamburg àti ti Berlin, ọlọ́pàá àti ọ̀pọ̀ àjọ mìíràn lè wo inú rẹ̀.

Nítorí náà, irọ́ ni pé Jámánì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò ní ìbò ni ó ṣe é fún. Ọmọ Austria kan, Heinz Huber, tí ó ń gbé ní Jámánì, pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dájọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ tọ́jú dátà àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sínú àkọsílẹ̀ náà láti fi gbógun ti ìwà ọ̀daràn, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Jámánì. Ìdájọ́ náà kò nawọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ Nàìjíríà.

Ẹni tí ń dúró de ìwé ìgbélùú ní Berlin wá ń gbé láàárín ètò méjì. Ní òkè, àkọsílẹ̀ àpapọ̀ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ó wọ ìlú. Ní ìsàlẹ̀, ó lè má rí àyè ìpàdé fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Landesamt für Einwanderung, ọ́fíìsì tí Berlin sọ di àjọ aládàáni ní ọjọ́ kìíní ọdún 2020. Bí ìwé rẹ̀ bá parí kí wọ́n tó pè é, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa béèrè, báńkì yóò máa béèrè. Ètò kan mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀. Ẹnì kan kò sí tí yóò dá a lóhùn.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn owó náà ni a ń rí. Níbẹ̀, àjọ kọ̀ọ̀kan ń ka ènìyàn kan náà lákọ̀tun: báńkì fún BVN láti 2014, INEC fún káàdì ìdìbò, àjọ ojú pópó fún ìwé ìwakọ̀, NIMC, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, fún NIN. Iṣẹ́ tí òfin fún NIMC ni láti so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìfẹ̀ka tí ọmọ Nàìjíríà ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ọ́fíìsì fi hàn pé ìbéèrè àṣẹ kan náà ni ó wà nídìí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdájọ́ kankan tí ó kọ ìsopọ̀ náà.

Ìjọba àpapọ̀ Jámánì ti gbìyànjú láti tún ìpète ṣe láti òkè. Wọ́n fi abala 91c kún òfin ìpìlẹ̀ ní 2009 kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ lè jọ máa ṣètò kọ̀ǹpútà, ìgbìmọ̀ IT-Planungsrat sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Òfin OZG ti 2017 sọ pé kí gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún ará ìlú, tí wọ́n kà sí 575, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ìparí 2022. Kò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2024, wọn kò tún dá irú gbèdéke ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2021, wọ́n ṣe òfin mìíràn tí ó sọ nọ́ńbà owó orí di kọ́kọ́rọ́ tí yóò so ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ìjọba pọ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ rántí Karlsruhe, wọ́n sì rántí Biesdorf.

Berlin fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn nígbẹ̀yìn. Ní 2025, ilé aṣòfin ìlú náà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìtòjọ ìjọba rẹ̀, ó sì tún òfin ìpìlẹ̀ ìlú ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ni olórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere èwo nínú iṣẹ́ ìjọba ni ti Sẹ́nétì, èwo sì ni ti ẹkùn méjèèjìlá.